Ẹ má tíì ra motherboard: ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀ láti gbéra láti orí fláàṣì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ọ̀ṣogbo tí a ti ń tẹ̀wé, tí a sì ń ṣe fotokọ́pì. HP EliteBook 840 G3 tòkunbọ̀ ni mò ń lò. Láìròtẹ́lẹ̀, Windows 10 inú rẹ̀ kò wọlé mọ́, “Boot Device Not Found” ló ń kọ sójú. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi dáńlóòdù Windows, ó fi sórí fláàṣì 64 GB tuntun, a sì tẹ F12 bí wọ́n ṣe sọ nínú fídíò kan. “Start PXE over IPv4” ló kọ, ó dúró díẹ̀, ó sì padà sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ẹnjiníà tí mo gbé e lọ bá ní motherboard ló ti kú, pé kí n wá òmíràn rà. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi wà nínú rẹ̀ o. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, mà. Ó dára tí ẹ bèèrè kí owó tó jáde lápò. Motherboard tó ti kú kì í sọ̀rọ̀. Tiyín tan, ó gbọ́ bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀, ó kọ̀wé sójú, ó sì ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe gẹ́lẹ́. Ohun tí ẹ ní kó ṣe gan-an ni kò bá iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ mu.

F12 tí fídíò yẹn ní kí ẹ tẹ̀, ti Dell àti ti ọ̀pọ̀ Lenovo ni. Lórí àwọn yẹn, F12 ló ń ṣí mẹ́nù tí ẹ ti máa yan ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti gbéra. Lórí HP oníléeṣẹ́ bíi EliteBook àti ProBook, ohun tí F12 ń sọ fún ẹ̀rọ ni pé kó lọ wá Windows lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. PXE nìyẹn. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa ń lò ó láti fi Windows sínú ọ̀pọ̀ laptop lẹ́ẹ̀kan náà láìki fláàṣì bọ ìkankan nínú wọn. Ẹ̀rọ yín gbọ́ràn, ó wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, kò bá ẹnì kankan nílé, ó sì padà wá sọ pé òun kò rí ibi tí òun á ti gbéra. Kò tíì wo fláàṣì yín rárá.

Nítorí náà, ẹ pa á pátápátá, ẹ ki fláàṣì bọ ihò USB, ẹ tan án, kí ẹ sì máa tẹ Esc léraléra lójú ẹsẹ̀. Mẹ́nù kan máa jáde. F9 níbẹ̀ ni Boot Device Options, F10 ni BIOS Setup (ibi tí ẹ ti ń yí ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ padà), F2 ni ibi àyẹ̀wò ẹ̀rọ. A máa lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin tí ẹ ní oríṣi laptop mìíràn tí ẹ ń ka ìwé yìí: lórí Asus, Esc ló sábà máa ń ṣí mẹ́nù náà, lórí Acer, F12 ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa kọ́kọ́ fi F2 wọ inú BIOS kí ẹ tó lè gba F12 láyè, àwọn Lenovo IdeaPad sì ní bọ́tìnnì kékeré kan, tó sábà máa ń wà nínú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tí ẹ máa fi pín-ìn-nì tẹ̀.

Bí mẹ́nù F9 bá ti ṣí, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ kà á. Ọ̀nà mẹ́ta ni fláàṣì ń gbà kọ̀: ẹ̀rọ lè má rí i rárá, ó lè rí i kó má gbà á, ó sì lè gbà á kó kú sójú ọ̀nà. Oògùn ọ̀kan kò bá òmíràn mu. Mo ti rí àwọn tó ń pa Secure Boot (ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tó fẹ́ gbéra wò), tí wọ́n ń tan Legacy (ọ̀nà ìgbéra àtijọ́), tí wọ́n tún ń pààrọ̀ fláàṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ṣiṣẹ́, wọn kò ní mọ èwo ló ṣe é. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n ti fi ìṣòro mìíràn lé ti tẹ́lẹ̀ lórí.

Ká ní fláàṣì yín kò sí nínú mẹ́nù náà. Fláàṣì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe laptop. Ẹ bi ọmọ yẹn bó ṣe ṣe é. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló copy fáìlì Windows tó dáńlóòdù, tó sì paste rẹ̀ sórí fláàṣì, kò tíì ṣe nǹkan kan. Fáìlì ISO dà bí àpò tí wọ́n di gbogbo Windows sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú àpò. Ohun tó ń wá ni fódà kan tó ń jẹ́ EFI, kí BOOT wà nínú rẹ̀, kí fáìlì BOOTX64.EFI sì wà nínú BOOT. Bí kò bá bá a níbẹ̀, fláàṣì yẹn kò yàtọ̀ lójú rẹ̀ sí èyí tí wọ́n kó orin sí. Ẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá rí fáìlì ńlá kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ parí sí .iso, ẹ ti rí ìdáhùn. Èyí tí wọ́n ṣe dáadáa máa ní fódà boot, efi àti sources, pẹ̀lú fáìlì bootmgr àti setup.exe.

Rufus, ètò kan tó ń tú ISO sórí fláàṣì bó ṣe yẹ, ni kí ẹ fi tún un ṣe, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí Windows rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, kò tóbi, ẹ kò sì ní fi í sínú ẹ̀rọ kó tó ṣiṣẹ́. Orí rufus.ie ni kí ẹ ti gbà á, ẹ má gbà á níbòmíràn. Ẹ yan fláàṣì, ẹ yan ISO, ẹ yan GPT (ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà pín disk) níbi Partition scheme. Target system á yí sí UEFI (ètò tó rọ́pò BIOS àtijọ́) fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá wà lórí fláàṣì náà máa parẹ́, nítorí náà kí ọmọ yẹn kọ́kọ́ kó orin rẹ̀ kúrò. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ yan GPT ni pé ẹ̀rọ ọdún 2016 ni 840 G3, UEFI ló sì sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Fláàṣì tí wọ́n bá ṣe fún BIOS àtijọ́ kò ní fara hàn nínú mẹ́nù ẹ̀rọ tó bá gba UEFI nìkan, bó ti wù kó dára tó.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kò sí nǹkan tó le níbẹ̀, pé kí ẹ ṣáà fọ́ọ̀mátì fláàṣì sí FAT32 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí fláàṣì), kí ẹ sì tú ISO sórí rẹ̀. Fún Linux (ètò tí a lè lò dípò Windows), ó sábà máa ń ṣiṣẹ́. Fún Windows, install.wim tó wà nínú fódà sources ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4 GB, bẹ́ẹ̀ ni install.wim òde òní sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí ẹ wá lo NTFS, ọ̀nà ìtòfáìlì mìíràn? UEFI ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò mọ NTFS kà. Rufus ló mọ bó ṣe ń parí ìjà yìí: ó ń kó Windows sórí NTFS, á wá gé àyè kékeré kan sọ́tọ̀ lórí fláàṣì kan náà, á fi ètò tó ń bá UEFI ka NTFS síbẹ̀. Bí ẹ bá rí nǹkan méjì lórí fláàṣì yín lẹ́yìn tí Rufus bá parí, ẹ má pa kékeré inú wọn rẹ́. balenaEtcher tí àwọn oní-Linux fẹ́ràn kò mọ iṣẹ́ Windows yìí o. Bí ọmọ yẹn bá lò ó, ẹ ní kó tún un ṣe.

Ká wá ní fláàṣì ti dára, tí kò sì tíì hàn nínú F9. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ihò USB, kí ẹ sì fi fláàṣì sí ara laptop gan-an, kí ó má gba orí hub (ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) kọjá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ F10. Lábẹ́ Advanced, ní Boot Options, ẹ wò bóyá àmì wà níwájú USB Storage Boot. Ó ṣeé ṣe kí iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà ní òkè òkun ti yọ ọ́, kí òṣìṣẹ́ wọn má baà fi fláàṣì gbé nǹkan mìíràn wọlé. Bí àmì bá wà níwájú Fast Boot, ẹ yọ ọ́, nítorí ó lè mú kí ẹ̀rọ yára kọjá láìdúró wo USB. Ẹ save, ẹ jáde, ẹ padà sí F9. Bí ẹ bá rí ohun tó ń jẹ́ Boot From EFI File níbẹ̀, ẹ ṣí i. Tí ẹ bá lè gba ibẹ̀ wọ inú fláàṣì dé EFI, dé BOOT, tí ẹ sì rí BOOTX64.EFI, ẹ yan án. Ìyẹn ti fi hàn pé ẹ̀rọ ń rí fláàṣì, mẹ́nù nìkan ni kò dárúkọ rẹ̀.

Ibi F10 yìí ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti máa ń dójú ti olówó. Ẹ tẹ̀ ẹ́, pásíwọ́ọ̀dù ló bèèrè. Kì í ṣe pásíwọ́ọ̀dù Windows o, ti BIOS ni, iléeṣẹ́ tó lò ó tẹ́lẹ̀ ló fi síbẹ̀, wọ́n sì tà á láìyọ ọ́. Lórí EliteBook, bẹ́ẹ̀ bá yọ bátìrì kékeré inú rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, pásíwọ́ọ̀dù náà á ṣì wà níbẹ̀, torí inú ṣípù ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá ní òun á fi bátìrì yọ ọ́ fún yín kò mọ ẹ̀rọ náà. Àwọn kan ń tú ṣípù, wọ́n ń tún inú rẹ̀ kọ. Ó ń ṣeé ṣe, ó sì tún ń pa laptop. Bí ẹ bá ṣì wà nínú àkókò tí ẹni tó tà á fún yín fún yín láti dá a padà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ. Lọ́jọ́ mìíràn tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, yálà ní Computer Village ní Ìkẹjà ni o tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ tan án, ẹ tẹ Esc, ẹ tẹ F10. Bó bá bèèrè pásíwọ́ọ̀dù tí olùtajà kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Mo ka èyí sí ju kí ẹ máa wò bóyá ara rẹ̀ ń dán.

Ó kù díẹ̀ nípa àìrí. Bí kọ̀ǹpútà bá ń gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ yàn nínú BIOS, tí ọjọ́ inú rẹ̀ sì ń padà sí ọdún àtijọ́, bátìrì kékeré yẹn ló ti rẹ̀. Kò wọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tí Windows wọn ṣì ń wọlé tí fláàṣì kò hàn, ẹ má ṣe Shut down, Restart ni kí ẹ yàn. Láti ìgbà Windows 8 ni Shut down kì í ti í pa ẹ̀rọ tán bí Fast Startup bá wà lórí rẹ̀. Ó tún rọrùn bẹ́ẹ̀ bá di Shift mú kí ẹ tó tẹ Restart: Windows fúnra rẹ̀ á bi yín bóyá ẹ fẹ́ lo fláàṣì, níbi Use a device, láìsí pé ẹ ń bá bọ́tìnnì sáré.

Ọ̀nà kejì ni kí fláàṣì hàn, kí ẹ yàn án, kí ẹ̀rọ sì lé e padà. Lórí HP, “Selected boot image did not authenticate” ni ẹ máa rí. Secure Boot ló ń sọ̀rọ̀: ó wo ètò tó fẹ́ gbéra, kò rí ìbuwọ́lù tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí gbogbo ènìyàn máa sọ fún yín ni pé kí ẹ pa Secure Boot. Ẹ ní sùúrù. Windows tó wá láti ọ̀dọ̀ Microsoft fúnra rẹ̀ ní ìbuwọ́lù, kò yẹ kí Secure Boot bá a jà. Bó bá bá a jà, ẹ béèrè ibi tí ISO náà ti wá. Tó bá jẹ́ “Windows 10 Lite” tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí Telegram, tí wọ́n ti tú, tí wọ́n sì ti tún dì, ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ tí ìwé oníwèé ń gbà kọjá. Ó sì lè jẹ́ Rufus àtijọ́ ló ṣe é, torí ètò kékeré tó ń ka NTFS yẹn kò ní ìbuwọ́lù títí di ìparí ọdún 2021. Ẹ gba tuntun. Bó bá jẹ́ Ventoy (ètò mìíràn tó ń ṣe fláàṣì ìgbéra) ni ẹ lò, ó ní bí ẹ ṣe máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Secure Boot nígbà àkọ́kọ́.

Fláàṣì Linux tó ti pẹ́ tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Microsoft fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí Windows tó mú kí Secure Boot kọ àwọn ètò ìgbéra Linux àtijọ́. “Verifying shim SBAT data failed” ló ń kọ. Fláàṣì Ubuntu tó ṣiṣẹ́ lọ́dún tó ṣáájú á wá kọ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà. Linux tuntun ni oògùn rẹ̀.

Bó bá wá di dandan kí ẹ pa Secure Boot, inú F10, lábẹ́ Advanced, Secure Boot Configuration ni: ẹ yan “Legacy Support Disable and Secure Boot Disable”. Bẹ́ẹ̀ bá save, tí ẹ̀rọ sì tún tan, á gbé nọ́ńbà mẹ́rin jáde, á ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ Enter. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á, wọ́n á tẹ nǹkan mìíràn, gbogbo rẹ̀ á sì padà sí bó ṣe wà. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó ní Legacy Support Enable. Lórí ẹ̀rọ yín, wàhálà ló máa fà: Windows tó bá gba ọ̀nà Legacy wọlé á dé iwájú hard disk yín, á sì sọ pé òun kò lè wọ ibẹ̀ torí GPT ló wà lórí rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ló ń dunni jù, torí ó ń tanni jẹ. Fláàṣì gbéra, àmì Windows jáde, ẹ tẹ Install now, inú yín dùn, ó dé àárín, ó kọ 0x80070570, pé fáìlì kan bàjẹ́ tàbí pé òun kò rí i. Ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni. ISO lè má wọlé tán nígbà tí dátà ń já, tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi dáńlóòdù rẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ sì kọ certutil -hashfile, lẹ́yìn náà orúkọ ISO, lẹ́yìn náà SHA256. Nọ́ńbà gígùn tó bá gbé jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lójú ìwé ẹni tó ṣe é mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀.

Tàbí kó jẹ́ fláàṣì. Fláàṣì 64 GB tuntun tí ẹ ní yẹn, bí owó rẹ̀ bá kéré sí ohun tó yẹ, mo fura sí i. Ayédèrú wà níta tí wọ́n tún ṣípù rẹ̀ kọ kó máa pe ara rẹ̀ ní 64 GB, bẹ́ẹ̀ 8 GB péré ló wà nínú rẹ̀. Ó máa ń gba fáìlì láìjiyàn, á fi orúkọ wọn hàn yín, ṣùgbọ́n ohun tó bá kọjá 8 GB kò sí níbì kankan. Bí Windows bá bọ́ sí apá tó jẹ́ òótọ́, ẹ ò ní mọ̀. Lọ́jọ́ tí apá kan bá bọ́ síta, iṣẹ́ á dúró. H2testw, tó wá láti Jámánì, ló ń tú wọn fó: ó ń kọ fáìlì kún fláàṣì látòkè délẹ̀, á sì padà kà á bóyá ohun tó kọ ló ṣì wà. Ó máa ń pẹ́. Ẹ tan án kí ẹ lọ máa ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó gbé gbogbo èyí dìde, “Boot Device Not Found”. Ó ń sọ pé ẹ̀rọ wo hard disk, kò rí ohun tó lè gbéra níbẹ̀. Yálà ètò ìgbéra Windows ló bàjẹ́, tàbí kó má rí hard disk náà rárá. F2 ni ẹ máa fi mọ̀: ẹ wá Component Tests, ẹ yan hard disk, ẹ ní kó dán an wò. Bí kò bá dárúkọ hard disk kankan, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí ìdí laptop, kó yọ ọ́, kó sì tún un fi sí i dáadáa. 840 G3 ní ààyè SSD pẹlẹbẹ, ó tún ní ti hard disk, kó wo méjèèjì. Bó bá tún kọ̀, kí ó fi hard disk yín sára kọ̀ǹpútà mìíràn. Tí ìyẹn náà kò bá rí i, hard disk ló ti lọ, owó rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti motherboard gidigidi.

Nítorí iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín, kí ẹnikẹ́ni má fi Windows tuntun sí i kí wọ́n tó kó fáìlì jáde. Ẹ fi Rufus kan náà ṣe fláàṣì Linux Mint, ẹ fi F9 gbéra láti orí rẹ̀, kí ẹ má tẹ ohun tó ní Install. Ẹ ṣí hard disk yín níbẹ̀, ẹ copy fáìlì sórí nǹkan mìíràn. Bó bá bèèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti hard disk pa), nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta ni; bẹ́ẹ̀ bá ń wọ Windows náà pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft, ẹ fi fóònù wọ inú àkáǹtì yẹn, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí i. Ẹ wá a kí ẹ tó fọwọ́ kan Secure Boot, nítorí yíyí Secure Boot padà gan-an lè mú kí BitLocker bèèrè rẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ rò ó wò bóyá Windows 10 náà ni ẹ máa fi padà. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró, 840 G3 kò sì sí lára àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbà fún Windows 11. Rufus lè yọ ìdíwọ́ yẹn kúrò lórí fláàṣì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lò ó bẹ́ẹ̀, àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí kankan fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé títẹ̀ àti títẹ̀ jáde nìkan ni ṣọ́ọ̀bù yín ń ṣe, Linux Mint tí ẹ fi kó fáìlì yẹn lè tó yín, bí ó bá ti bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín mu. Ẹ dán an wò láti orí fláàṣì kí ẹ tó pinnu.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ ya fọ́tò mẹ́nù F9 àti ti Boot Options inú F10, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ ètò tí ọmọ yẹn fi ṣe fláàṣì.